Olè tó sá pamọ́ sínú àjà wẹ́ẹ̀bùsáìtì mi

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Adó-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé yìí, pòǹdó iyán àti èlùbọ́ ni mò ń tà, mo ń tà á níbí, mo sì ń fi ránṣẹ́ sí Èkó, Àbújá àti àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun. Ẹ má bínú tí lẹ́tà mi bá gùn. Mo ti gbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní Ọjà Ọba, àmọ́ ibi tí mo bá ti pe wẹ́ẹ̀bùsáìtì báyìí ni wọ́n á ti ní ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Yahoo nìyẹn, wọ́n á yíjú sí kọ́sítọ́mà wọn. Ọ̀rọ̀ ọjà ni mò ń sọ o jàre, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kúkú kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn tí gbogbo wọn ń kà.

Oṣù kọkànlá tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ọ́dà Kérésì ń wọlé. Kọ́sítọ́mà mi kan tó ń gbé ní Peckham ní London, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń ra kìlò mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe sáìtì yín? Mo tẹ̀ ẹ́ kí n lè ra iyán, ilé tẹ́tẹ́ ló gbé mi lọ." Mo sáré ṣí i lórí láptọ́ọ̀pù mi, ó ṣí kíá, fọ́tò iyán mi wà níbẹ̀ ó funfun báláú, ẹ̀fọ́ rírò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò sí nǹkan tó ṣe é. Inú bí mi díẹ̀. Mo fi ohùn dá a lóhùn pé kó lọ yẹ fóònù ẹ̀ wò, pé sáìtì tèmi ò ní àrùn kankan, mo tún wá fi ẹnu mi kó bá ara mi, mo ní bóyá àwọn ọmọ ẹ̀ ló ń fi fóònù yẹn ta tẹ́tẹ́ tí òun ò mọ̀. Máìkì kékeré inú WhatsApp yẹn di búlúù, mo mọ̀ pé ó ti gbọ́ ọ. Kò fèsì.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, bàbá kan ní Ìbàdàn sọ ohun kan náà. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkòròdú. Ìgbà tí ọmọ tèmi gan-an wá pè mí láti iléèwé pé "Mọ́mì, sáìtì yín ní kí n wá gba bónọ́ọ̀sì," mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá fóònù ẹnì kan.

Ọmọ tó bá mi ṣe sáìtì náà ti jápa, Kánádà ló wà báyìí. Mo pè é, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ó wọlé láti ọ̀hún, ó ní òun ti rí fáìlì burúkú kan, òun ti yọ ọ́, òun sì ti fi plugin aṣọ́nà kan sí i, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tí wọ́n ń so mọ́ sáìtì. Lóòótọ́ ló dára. Títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó tún yọ ọ́, ó tún padà wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe é bẹ́ẹ̀, plugin aṣọ́nà yẹn sì ń fi àmì gírínì hàn mí lójoojúmọ́ pé kò séwu, kò séwu, bí ọlọ́dẹ tó ń hanrun lẹ́nu géètì.

Nígbà tó yá ẹnì kan júwe ọmọkùnrin kan fún mi ní Ìwòròkò, ẹ ṣáà mọ̀ pé ibẹ̀ làwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kún sí. Ó dé pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù nínú báàgì tí síìpù ẹ̀ ti já, mo wò ó, mo ní ṣé èyí náà máa mọ̀ ọ́n ṣe. Kò tiẹ̀ kọ́kọ́ ṣí láptọ́ọ̀pù náà. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má kọ orúkọ sáìtì yín o. Ẹ gbé fóònù yín, ẹ lọ sórí Google, ẹ wá a bí ẹni tí ò mọ̀ yín rí ṣe máa wá a." Mo kọ poundo iyan Ado Ekiti. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi yọ, mo tẹ̀ ẹ́. Ojú fóònù funfun fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, lẹ́yìn náà ló gba àwọ̀ pupa àti góòlù, nǹkan kan ń yí gbirigbiri láàárín ẹ̀, wọ́n ní mo ti jẹ owó. Mo ju fóònù sórí tábìlì bí ẹni tó fọwọ́ kan iná.

Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, malware náà, ìyẹn ètò burúkú tí wọ́n gbé sínú sáìtì, ń wo ẹni tó ń bọ̀. Tó bá rí i pé Google lẹni náà gbà wọlé, tàbí pé fóònù ló fi ń wò ó, á darí ẹ̀ síbòmíì. Tó bá sì rí i pé onílé ni, pé ẹ ti fi pásíwọ́ọ̀dù yín wọlé, tàbí ẹ jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ kọ àdírẹ́ẹ̀sì yín tààrà, á fi ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rí hàn yín. Olè tó ń dọ̀bálẹ̀ kí bàálé láràárọ̀ ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kọ́sítọ́mà ló sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀, tí onísáìtì bá sì wá jẹ́ irú èmi yìí, á bú kọ́sítọ́mà.

Ó tún fi nǹkan míì hàn mí. Lórí Google kan náà, ó kọ site, ó fi àmì tó tò méjì léra wọn yẹn sí i, ó wá kọ àdírẹ́ẹ̀sì mi mọ́ ọn láìfi àyè sílẹ̀. Ojú ewé méje péré ni sáìtì mi ní. Ohun tó jáde lé ní ọgọ́rùn-ún, gbogbo ẹ̀ ní lẹ́tà àwọn ará Jàpáànù, aago ọwọ́, bàtà, báàgì. Orúkọ tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, tí mo fi èéfín àti ọlọ ẹ̀rọ ṣe, wọ́n ti ń fi ta báàgì ayédèrú fún àwọn tó wà ní Tokyo. Ọmọ Ìwòròkò ní ó wọ́pọ̀ débi pé àwọn oníṣẹ́ ti fún un lórúkọ. Àdírẹ́ẹ̀sì tó ti pẹ́ nílẹ̀ tí Google ò ní ẹ̀sùn sí lọ́rùn ni wọ́n ń wá, kí wọ́n lè gun ẹ̀yìn ẹ̀ gbé ọjà tiwọn sókè.

Mo bi í pé ta ni mo ṣẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín mi o, mo ti ro ẹnì kan lọ́jà témi àtiẹ̀ ò kíra, ó kù díẹ̀ kí n lọ bá wòlíì. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò sẹ́ni tó mọ̀ yín níbẹ̀ Mọ́mì, róbọ́ọ̀tì ni." Ó ní ńṣe ló ń kan ilẹ̀kùn gbogbo ilé tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán tòru, èyí tí ò bá tì dáadáa ló ń bọ́ sí. WordPress tí wọ́n fi kọ́ sáìtì mi ti wà láti 2003, nínú sáìtì mẹ́wàá tó wà láyé lónìí ó lé ní mẹ́rin tó jẹ́ òun ni wọ́n fi kọ́ ọ, torí náà tí ihò kan bá yọ lára plugin kan tó gbajúmọ̀, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo á máa ṣí ọ̀kẹ́ àìmọye ilé. Ó sọ ti plugin kan tó ń jẹ́ File Manager fún mi, sáìtì tó lé ní 700,000 ló wà lára wọn ní 2020, wọ́n rí i pé ẹnikẹ́ni lè gba ibẹ̀ gbé fáìlì wọlé láìní pásíwọ́ọ̀dù kankan, kí àtúnṣe tó jáde róbọ́ọ̀tì ti ń wọlé ràì.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti 2017. WordPress fúnra ẹ̀ ló ní ihò lọ́tẹ̀ yẹn. Wọ́n dí i ní January 26, wọ́n pe àtúnṣe náà ní 4.7.2, àmọ́ wọn ò sọ fáráyé pé ihò wà níbẹ̀, wọ́n dákẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí update lè dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn kí olè tó gbọ́. Ẹni tó fi update aláfúnraẹ̀ sílẹ̀, ó ń sùn lọ́wọ́ ni wọ́n bá a ti ilẹ̀kùn ẹ̀. Ẹni tó ti pa á, ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde tán, láàárín ọjọ́ mélòó kan, ojú ewé tó lé ní mílíọ̀nù kan ni wọ́n ti kọ ìkọkúkọ sí. Mo ní tèmi ńkọ́? Ó wò ó. Ọmọ wa tó wà ní Kánádà ti pa update tèmi láti ọjọ́ tó ti kọ́ sáìtì náà, torí theme tó fi ṣe é, ìyẹn aṣọ tí sáìtì wọ̀, tí wọ́n bá fi update kàn án báyìí, ó máa dojú dé.

Theme yẹn gan-an lorí ọ̀rọ̀. Dọ́là ni wọ́n fi ń tà á, mo rántí dáadáa pé ọmọ náà gba owó ẹ̀ lọ́tọ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní ó yàtọ̀ sówó iṣẹ́. Ó wá lọ wa èyí tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́. N ò sọ pé ó jẹ owó mi o, n ò ṣáà rí rìsíìtì. Ẹ jẹ́ ká ronú sí i, ẹni tó jókòó já kọ́kọ́rọ́ nǹkan olówó iyebíye, tó wá ń pín in fún gbogbo ayé láìgba kọ́bọ̀, kí lẹ rò pé ó máa jẹ níbẹ̀? Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló fi sínú ẹ̀. Ó dà bí ìgbà téèyàn gba ilé lọ́wọ́ bíríkìlà tó ti gbẹ́ ihò sílẹ̀ fún ara ẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá mi máa ń sọ ọ́ pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o, n ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà wà nínú ẹ̀.

Ó ṣí ibi tí àwọn fọ́tò wà fún mi, wọ́n tò wọ́n ní ọdún ọdún àti oṣù oṣù. Mo ń ka orúkọ wọn lọ, iyan-funfun.jpg, elubo-dudu.jpg, odo-ati-omo-odo.jpg, mo dé orí ọ̀kan, iyan2.php. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ti rí fọ́tò tó parí sí php rí?" Ó tẹ̀ ẹ́. Php, àṣẹ ni wọ́n ń fi kọ, kì í ṣe fọ́tò. Ìlà kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀, lẹ́tà ńlá lẹ́tà kékeré àti nọ́ńbà, kò sí àyè láàárín wọn, àfi bí ẹni pé ọmọ ọdún méjì ló jókòó lórí kíbọ́ọ̀dù, ó gùn bí ẹni ń lọ sí Ìyìn. Lókè pátápátá ni mo ti rí eval àti base64_decode. Ó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bí ẹni ń bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀, ó ní wọ́n ti pọ́n ọ̀rọ̀ náà bí ẹní pọ́n ẹ̀kọ, ewé nìkan lẹ̀ ń rí, server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí sáìtì ń gbé, ló ń tú u tó sì ń jẹ ẹ́. Fáìlì yẹn ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún sáìtì mi láti ibi tí wọ́n bá jókòó sí.

Ó tún ní kí n ka orúkọ àwọn tó lágbára ọ̀gá lórí sáìtì náà. Èmi, ọmọ Kánádà, àti ẹnì kan tó ń jẹ́ wp-support. Ojú tì mí. Mo ti ń rí orúkọ yẹn tipẹ́, mo rò pé àwọn oní-WordPress ló ń bá wa bójú tó o, mo tiẹ̀ ń gbàdúrà fún wọn.

Ìdí tó fi ń padà wá lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́ ni pé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ti tò sínú server, pé ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀ kó máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá fáìlì náà ṣì wà, tí kò bá sí, kó tún lọ gbé òmíì wá. Ìjàlọ là ń ṣà nílẹ̀, a ò wá ihò wọn. Bákáàpù, ìyẹn ẹ̀dà sáìtì tí wọ́n tọ́jú pamọ́, wá ńkọ́? Ọmọ wa ní ó wà, lóòótọ́ ló sì wà, inú server kan náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin ló ń tọ́jú, èyí tó bá ti lé ní oṣù kan á parẹ́. Iyan2.php yẹn sì rèé, inú oṣù kẹjọ ni wọ́n ti gbé e wọlé. Gbogbo bákáàpù tó wà nílẹ̀ ló lólè nínú, tẹ́ ẹ bá dá èyíkéyìí padà, ẹ dá olè padà nìyẹn.

Ká tó mọ ohun tó kàn, ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa gbé sáìtì sórí ayélujára ti tì í pa. Wọ́n ní ímeèlì tó ń tinú ẹ̀ jáde ti pọ̀ jù, èmi tí n kì í kọ ju márùn-ún lọ lọ́sẹ̀. Google náà gbé ojú ewé pupa síwájú ẹ̀, pé sáìtì ẹlẹ́tàn ni. Ọjọ́ mọ́kànlá ni n ò fi ta ṣíbí pòǹdó kan lórí ẹ̀, nínú oṣù Kérésì.

Bó ṣe tún un ṣe ni mo fẹ́ káwọn tó ní sáìtì fara balẹ̀ kà. Láptọ́ọ̀pù mi ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kó tó kan sáìtì rárá, ó ní tí fáírọ́ọ̀sì bá wà níbẹ̀, bí mo bá ṣe ń tẹ pásíwọ́ọ̀dù tuntun báyìí ni wọ́n á máa kà á. Ó da gbogbo sáìtì tó bàjẹ́ náà sínú fláàṣì kan fún ìwádìí, ó kọ "Ẹ MÁ ṢÍ" sí i lára. Lẹ́yìn náà ló pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ lórí server, ó gbé WordPress tuntun láti wordpress.org, kò tún èyí tó wà nílẹ̀ lò rárá. Plugin mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló bá níbẹ̀, mẹ́sàn-án là ń lò, ó ju ìyókù nù, ó ní èyí tẹ́ ẹ pa tẹ́ ò yọ, ilẹ̀kùn ṣì ni. Theme olówó ọ̀fẹ́ yẹn lọ, ó fi èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lóòótọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn oní-WordPress rọ́pò ẹ̀, kò rẹwà tó ti tẹ́lẹ̀, mo gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ àti ọ́dà tó wà nínú database, ìyẹn ibi tí sáìtì ń kó àkọsílẹ̀ ẹ̀ sí, ó wá inú wọn bóyá wọ́n ti fi nǹkan há a, fọ́tò sì rèé, ọ̀kọ̀ọ̀kan la wò wọ́n, èmi àtiẹ̀, ó wá ti folder fọ́tò náà pé fáìlì php kankan ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́ láéláé.

Pásíwọ́ọ̀dù wá ni o. Ti hosting, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń gbé sáìtì sórí ayélujára, ti database, ti FTP tí wọ́n fi ń gbé fáìlì wọlé, ti ímeèlì, ti àwọn ọ̀gá sáìtì, gbogbo ẹ̀ pátá lọ́jọ́ kan náà. Tẹ́ ẹ bá yí ọ̀kan tẹ́ ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á gbà. Ó tún yí àwọn kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan tó wà nínú fáìlì tí wọ́n ń pè ní wp-config, ìyẹn ló ń lé gbogbo ẹni tó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀ síta, olè àti onílé, kí kálukú tún wá kan ilẹ̀kùn. Àárín ibi tó ti ń gbé nǹkan wọ̀nyí sókè ni wọ́n mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ mi kọ̀ kò dáhùn, a gbọ́dọ̀ lọ bẹ aládùúgbò, kí wáyà tó dé ibẹ̀ ìdajì fáìlì ti sọnù lọ́nà, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo gún iyán fún un lọ́jọ́ náà, iyán gidi tinú odó o, kì í ṣe pòǹdó, òkèlè mẹ́rin ló fi tán, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mà ń pani lébi.

A rò pé a ti parí, ó ní ó ku Google. Ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Search Console, ibẹ̀ ni onísáìtì ti máa ń bá Google sọ̀rọ̀. A débẹ̀, a bá àjèjì kan tó ti forúkọ sílẹ̀ bí onísáìtì mi. Ó ti lọ bá Google pé òun lòun ni ín, ó fi fáìlì kékeré kan sínú ilé mi ṣe ẹ̀rí, Google sì gbà á gbọ́. Ẹnu yà mí ju ti ilé tẹ́tẹ́ lọ. Ó yọ fáìlì yẹn kó tó yọ ẹni náà, torí tí fáìlì bá ṣì wà ó lè tún wọlé. A wá kọ̀wé pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ọjọ́ kẹta ni ojú ewé pupa kúrò. Àwọn báàgì Jàpáànù yẹn pẹ́ díẹ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló gbà kí wọ́n tó pòórá lórí Google.

Owó tí mo san fún gbogbo èyí ju owó tí mo fi ṣe sáìtì náà lọ. Kò dùn mí tó ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí. Nígbà tí ọmọ Ìwòròkò bi mí pé orúkọ ta ni wọ́n fi ra domain yín, ìyẹn àdírẹ́ẹ̀sì sáìtì, n ò mọ̀. Ímeèlì ta ló wà níbẹ̀? N ò mọ̀. Ta ló ń san hosting, ọjọ́ wo ló máa parí? Ọmọ wa ni, ó máa ń ní kí n fowó ránṣẹ́, mo ń fi ránṣẹ́. Gbogbo ẹ̀ wà lórúkọ ọmọ tó wà ní Kánádà, lórí ímeèlì ẹ̀, ká ní ó ti bínú sí mi ni, tàbí nǹkan ṣe é, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, orúkọ tó wà lára gbogbo ọ̀rá pòǹdó mi máa lọ lójú mi báyìí. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ṣé ẹ lè gba ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà Ọba kí rìsíìtì àti kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ káfíńtà tó kan ilẹ̀kùn? Ohun tí à ń ṣe nìyẹn. Mo bi akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, òun náà ò mọ ibi tí tiwọn wà, ó ní ọmọ àna alága ló ń bá wọn ṣe é. Mo bi ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní brother kan tó ti lọ sí Èkó.

Ọmọ tó wà ní Kánádà yẹn ṣe dáadáa níbẹ̀ o, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó ṣí domain náà, ó fi kóòdù tí a ó fi gbé e wá sórúkọ mi ránṣẹ́ lóru ọjọ́ kan tí tiwọn ṣì jẹ́ ìrọ̀lẹ́, ó sì tọrọ gáfárà. Àmọ́ ọmọ dáadáa ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, kò sí ìwé kankan láàárín wa. Ẹni tó bá ń ṣe sáìtì lónìí, ẹ fi orúkọ yín àti ímeèlì yín ra domain náà fúnra yín, kẹ́ ẹ tó fún ẹnikẹ́ni láyè lórí ẹ̀, ẹ ṣe orúkọ ìwọlé tiẹ̀ fún un lọ́tọ̀ kẹ́ ẹ lè yọ ọ́ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá tán. Theme tàbí plugin tó bá ní òun rà, kó fi rìsíìtì hàn yín. Tó bá ní kẹ́ ẹ má ṣe update torí pé nǹkan á bàjẹ́, ẹ bi í pé kí lẹ fi kọ́ ọ.

Àwọn kan lọ́jà sọ pé àmì kọ́kọ́rọ́ kékeré wà lórí sáìtì tiwọn, pé kò sí ewu. Ó wà lórí tèmi náà ní gbogbo ìgbà tí olè fi ń gbébẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ẹnì kan ò lè ka ọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà láàárín fóònù kọ́sítọ́mà àti sáìtì yín, kò mọ ẹni tó ń sùn nínú ilé.

Ọ̀rọ̀ àwọn kọ́sítọ́mà ló tún kù. Mo dúpẹ́ pé nọ́ńbà káàdì ẹnì kankan ò sí lọ́dọ̀ mi, ojú ewé ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó ni wọ́n ti máa ń sanwó. Àmọ́ orúkọ wọn, ilé wọn, nọ́ńbà fóònù wọn, gbogbo ẹ̀ wà nínú ọ́dà, wp-support sì lè kà á. Mo fẹ́ dákẹ́, kí n má purọ́ fún yín, ojú ń tì mí. Ọmọ Ìwòròkò ní rárá o, ó ní òfin dátà wà ní Nàìjíríà láti 2023, pé tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ tó sì lè pa àwọn èèyàn lára, ẹni tó ń tọ́jú dátà wọn gbọ́dọ̀ sọ fún Nigeria Data Protection Commission láàárín wákàtí 72 tó ti mọ̀. A kọ ọ́. Mo sì fi bródíkáàsì ránṣẹ́ sí gbogbo kọ́sítọ́mà pé àkáǹtì mi ò yí padà, ẹni tó bá rí nọ́ńbà àkáǹtì tuntun lórúkọ mi kó má sanwó. Ẹni méjì pè mí padà lọ́jọ́ náà pé àwọn ti gba irú ímeèlì bẹ́ẹ̀, ọ̀kan ti fẹ́ẹ́ san án.

Báyìí, update ń ṣe ara ẹ̀. Kóòdù ló ń wá sórí fóònù mi kí n tó lè wọlé, pásíwọ́ọ̀dù nìkan ò tó mọ́, tẹ́lẹ̀ orúkọ àkọ́bí mi àti ọdún tí mo bí i ni mo fi ń ṣe ohun gbogbo, títí dé ti báǹkì. Mo kọ àwọn tuntun sínú jọ́tà kan, ó wà nínú àpótí aṣọ mi tí mo tì pa, ọmọ náà ní ìyẹn sàn ju kí n lo ọ̀kan fún gbogbo ẹ̀ lọ. Bákáàpù ń lọ sórí Google Drive lálaalẹ́, òmíì wà nínú fláàṣì nílé ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta a máa ń gbé ọ̀kan síbì kan lọ́tọ̀ láti wò ó bóyá ó máa ṣí. Àkọ́kọ́ tí a dán wò, kò ṣí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé a dán an wò. Ní gbogbo àárọ̀ Monday, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń fi fóònù wá ara mi lórí Google bí ẹni tí ò mọ̀ mí rí.

Olóòtú, mo bẹ̀ yín, ẹ má gé apá tó kẹ́yìn yìí kúrò. Kọ́sítọ́mà mi ti Peckham ò tíì fèsì títí di òní, mo ti pè é, nọ́ńbà náà ń dún, kò gbé e. Mo mọ̀ pé ìyá ẹ̀ ní Ìkéré máa ń ra ìwé ìròyìn yín. Màmá, tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi sọ fún un pé òótọ́ ló sọ, fóònù ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, àwọn ọmọ ẹ̀ ò sì ta tẹ́tẹ́. Ẹnu mi ló ṣe mí. Kìlò mẹ́wàá ẹ̀ wà nílẹ̀ níbí, mo ti dì í, n ò ní gbowó ẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Oníyán,
Adó-Èkìtì.